Atẹ̀wé Tó Nu Àmì Kúrò Lórí Ìwé Eré

Nírọ̀lẹ́, tíṣà kíláàsì kìíní yà ní ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé láti kó ogójì ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nípa eré ìdárayá. Àárọ̀ ọ̀la ló fẹ́ pín in fáwọn ọmọ tí kò ní ìwé tiwọn rí. Atẹ̀wé, tó tún jẹ́ ayàwòrán, ti tò ó sórí tábìlì, inú rẹ̀ ń dùn bíi ti ìyá ọmọ tuntun.

ATẸ̀WÉ: Tíṣà wa, ẹ káàbọ̀! Ẹ fọwọ́ kàn án, ó ṣì ń gbóná.

TÍṢÀ (ó gbé ọ̀kan): Ẹ ṣé o, Ọ̀gá. Àmọ́... ejò wo ló ká jọ sí iwájú ìwé mi?

ATẸ̀WÉ: Erè ni, òjòlá gidi. Ẹ̀yin náà lẹ kúkú kọ ọ́: Erè Ilé-Ìwé Wa. Ẹ̀rù bà mí pé ẹ ń sìn ín láàárín àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n n kì í dá sí ọ̀rọ̀ tí ò kàn mí.

TÍṢÀ: Eré ni mo kọ! Eré! Àmì òkè wà lórí ẹ̀!

ATẸ̀WÉ: Háà, àwọn ìlà kéékèèké yẹn? Ìgbẹ́ eṣinṣin ni mo pè é. Mo nu gbogbo ẹ̀ kúrò, títí kan èyí tó kán sábẹ́ lẹ́tà. Ọjọ́ méjì gbáko, ọ̀fẹ́ sì ni.

(Tíṣà jókòó láìwo ibi tí àga wà. Ó ṣí ìwé.)

TÍṢÀ: "Omo naa gba boolu." Kí ló dé tí ọmọ inú àwòrán yìí fi wà lórí ìkúnlẹ̀?

ATẸ̀WÉ: Àgbàlagbà ló fún un ní bọ́ọ̀lù. Ṣé kó nàró gbà á ni? Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni mo yà.

TÍṢÀ: Mo ní ó gbá a! Ó fẹsẹ̀ gbá a! (Ó ṣí òmíràn.) "O fo igi." Ó fò ó, ó kọjá lórí ẹ̀! Kí ni kànìnkànìn ń wá lọ́wọ́ ẹ̀?

ATẸ̀WÉ: Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń fọ igi ni?

TÍṢÀ: "A gba ife." Àwọn wo ló di ara wọn lọ́wọ́ mú báyìí?

ATẸ̀WÉ: Ìfẹ́ ni wọ́n gbà. Ojú tì mí bí mo ṣe ń yà á. Ọmọ kíláàsì kìíní!

TÍṢÀ: Ife ẹ̀yẹ ni! Yéè! "Egbon mi obinrin ju oko." Ọ̀kọ̀ ni mo kọ, igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n ń jù níbi ìdíje. Ta ni ọkùnrin tó ń fò lófuurufú yìí, tòun ti bàtà ẹsẹ̀ kan?

ATẸ̀WÉ: Ọkọ ẹ̀ ni. Ibẹ̀ yẹn, ẹ má bá mi wí. Ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko ni mo kọ́kọ́ yà. Ìyàwó mi ló ní irọ́ ni, ọkọ ni. Ó tún fìka hàn mí ibi tó yẹ kó balẹ̀ sí.

(Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Tíṣà kó tó mọ̀. Ó fẹ́ padà bínú, kò rí i ṣe.)

TÍṢÀ: Ẹ mú bírò méjì wá. Àwa méjèèjì la máa fọwọ́ fi àmì sí i kí ilẹ̀ tó ṣú.

ATẸ̀WÉ: Àwòrán ńkọ́?

TÍṢÀ: Ẹ fi sílẹ̀. Ọmọ tó bá kà á dáadáa ló máa rí i pé ayàwòrán ò mọ̀wé kà. Ẹ ò mọ bí inú wọn ṣe máa dùn tó.

(Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Atẹ̀wé ń fi àmì sí i, ó ń pè é sókè: "Gbá. Gbà. Fò. Fọ̀." Lójijì, bírò dúró lọ́wọ́ ẹ̀.)

ATẸ̀WÉ: Tíṣà... ẹni tó ń pe èèyàn síbi ìgbéyàwó, tó kọ ọ́ pé "ẹ wá bá wa yọ̀," ṣé "yọ̀" yẹn náà ní àmì?

TÍṢÀ: Ó ní in o. Tí kò bá sí i, wọ́n á kà á sí "ẹ wá bá wa yó." Ṣé ẹ ti tẹ̀ ẹ́ ni?

ATẸ̀WÉ: Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta káàdì. Wọ́n ti pín in tán. (Ó yọjú lójú fèrèsé.) Abájọ tí ẹnikẹ́ni ò fi dáná ládùúgbò yìí látàná!