Ojú Ìbíkúnlé Lára Jíìpù

Ó di ọjọ́ kẹta tí ìyá ìyàwó Ìbíkúnlé ti gúnlẹ̀ sí Dallas, ọkùnrin náà kò tíì ráyè lọ kí i. Jíìpù ni kò jẹ́!

Jíìpù wo? Jíìpù kékeré ológe tí òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe bọ̀ láti ọdún mẹ́ta níbi iṣẹ́ wọn ní Coppell, lẹ́bàá Dallas. Amọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ àwòṣe rẹ̀, kí wọ́n tó fi irin rọ ọ́; ó tóbi tó ọkọ̀ gidi. Wọ́n kun ún ní ọ̀dà fàdákà, ó ń kọ mànà, àmọ́ ó rọ̀ bí ẹ̀bà. Reuben ọ̀gá wọn ń bọ̀ wá wò ó lónìí. Bí kò bá wù ú, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta wọgbó nìyẹn.

Wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ mú ẹbí wá wòran. Ni Fèyísọ́lá, ìyàwó rẹ̀, bá mú màmá dé. Màmá lọ dúró ti imú jíìpù, ó ń wo àna rẹ̀ tìkàtẹ̀gbin.

"Fèyísọ́lá, ṣé ọkọ rẹ nìyí? Wọ́n ní ẹni tó bá ti dé Amẹ́ríkà, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í tẹ̀ mọ́."

Háà! Ọmọ Ìsẹ́yìn lẹ ń sọ bẹ́ẹ̀ sí?

"Ẹ kú àbọ̀, mà!"

Ìbíkúnlé fò sókè bí ọ̀pọ̀lọ́, ó nà gbalaja.

GBÌÌÌ!

Orí rẹ̀ wọnú amọ̀ lábẹ́ iná òsì, ó rì dé etí! Nígbà tó fà á yọ, *fọ́ọ̀p*, iwájú orí, imú, ètè, gbogbo rẹ̀ ló hàn síbẹ̀ ketekete bíi fọ́tò ìwé ìrìnnà.

Yéè! Ẹ̀rín ń pa mí!

Kó tó fọwọ́ dí i, ilẹ̀kùn ti ṣí. Reuben ni! Ó yí jíìpù po lẹ́ẹ̀kan. Ó yí i po lẹ́ẹ̀kejì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ìka bọ ihò imú.



"Ta ló ṣe èyí?"

"È... èmi ni, sà."

"Gbogbo jíìpù ayé ló jọra wọn, àmọ́ mi ò rírú èyí rí! A ó gbé e jáde!"

Hòóò! Àtẹ́wọ́ sọ.

"Ṣùgbọ́n apá òsì nìkan ló wà," ni Reuben wí. "Ṣe irú rẹ̀ gan-an sápá ọ̀tún. Mo dúró."

Ìbíkúnlé wo Fèyísọ́lá. Fèyísọ́lá wo màmá.

Màmá gbé báàgì rẹ̀, ó rọra rìn lọ sápá ọ̀tún, ó tún ìró ró.

"Ó yá, kí mi. Àmọ́ bí wọ́n bá tún fẹ́ irú rẹ̀ sẹ́yìn jíìpù, kí ẹ ránṣẹ́ pe bàbá Fèyísọ́lá wá látilé o!"