Adéníran Àyà-Irin Sáré Dé Onípànù

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó fẹ́ràn Adéníran jù lọ ní Bàrígà, ẹ má wá a jìnnà: Adéníran fúnra rẹ̀ ni. Òun ló sọ ara rẹ̀ ní Àyà-Irin. Òun náà ló sì ń ki ara rẹ̀: "Àyà-Irin, ọkùnrin mẹ́ta nínú ẹ̀wù kan! Òtútù rí mi, òtútù wá aṣọ bora!"

Òtútù àyà kò gbọ́ oríkì yìí. Ó bá a nígbà òjò, ó dá a dùbúlẹ̀, ikọ́ rẹ̀ sì ń mi ilé bíi jẹnẹrétọ̀. Oògùn lé ikọ́ lọ, ṣùgbọ́n ìrora kù sí igbá àyà rẹ̀. Bó bá gun àtẹ̀gùn, á díbọ́n pé òun ń yẹ ògiri wò, kí èémí lè padà. Nọ́ọ̀sì ní irú ẹ̀ máa ń pẹ́ lára: kó sinmi, kó máa rìn díẹ̀díẹ̀, kó sì tètè padà wá bí ìrora bá le sí i.

"Sinmi kẹ̀? Èmi?"

Rọ̀kíbátù, ayálégbé rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, ń sinmi ní tiẹ̀. Irú àìsàn kan náà ló ṣe é. Bó bá tibi iṣẹ́ dé, á jókòó sórí àtẹ̀gùn ná kó tó gòkè.

"Ẹ wo ọ̀dọ́ ìwòyí!" Adéníran á pariwo. "Ikọ́ lásán, ó ti di ìyá àgbà!"

"Ẹ kú agbára, Bàbá Láńlọ́ọ̀dù. Tèmi ò tíì tán."

Ẹgbẹ́ onílé wá fẹ́ yan alága eré ìdárayá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sáré láti Bàrígà dé pápá kan ní Onípànù ló ni ipò náà. Kí wọ́n tó fọn fèrè rárá, Adéníran ti kọ ALÁGA sẹ́yìn ẹ̀wù rẹ̀.

Òun ló ṣíwájú títí dé kọ́nà. Níbẹ̀ ni àyà rẹ̀ ti fún pọ̀ bí aṣọ tí wọ́n ń fún omi ẹ̀. Ó yà sí kọ̀rọ̀, ó na ọwọ́ sí kẹ̀kẹ́ Márúwá.

"Onípànù! Gba ọ̀nà ẹ̀yìn!"

"Dádì, ṣé kò sí o?" ni Samson, ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ náà, bi í. "Ẹ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ."

"Ìwọ ṣáà máa lọ!"

Nígbà tó sọ̀ nítòsí pápá, ó da píọ́ wọ́tà sórí, ó pè é ní òógùn, ó sì sáré kékeré wọlé. Ariwo sọ! Akínlẹ́yẹ, akọ̀wé ẹgbẹ́, gbé máìkì fún un.

"Kí ni àṣírí yín, sà?"

"Àyà ni! Ẹsẹ̀ mi méjèèjì yìí ni mo fi sá a. N ò fẹsẹ̀ kan ọkọ̀ o!"

"Dádì!" Samson ló ń sáré bọ̀. "Ẹ gbàgbé fóònù yín sínú kẹ̀kẹ́ mi! Màmá ló wà lórí ẹ̀!"

Fóònù náà ń sọ̀rọ̀ sókè, máìkì ọwọ́ Adéníran sì ń gbé e. Ohùn Morọ́láyọ̀, ìyàwó rẹ̀, gba gbogbo pápá: "Bàbá Níní, ọmọ yìí ní ẹ wọ kẹ̀kẹ́. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbọ́ràn! Ṣé àyà tí mò ń fi róòbù pa fún yín láàárọ̀ yìí lẹ fẹ́ fi sáré tẹ́lẹ̀ ni?"

Ẹ̀rín bú jáde. Àwọn kan dì mọ́ra wọn kí wọ́n má baà ṣubú. "Alága Kẹ̀kẹ́!" ẹnì kan ké. Ó di orin.

Adéníran fẹ́ sá. Àyà kọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ lórí orúnkún. Rọ̀kíbátù, tó wá wòran, gbé àga tó jókòó lé wá síwájú rẹ̀.

"Ẹ jókòó, Bàbá. Ó ń ṣe yín bíi pé ẹ gbé sìmẹ́ńtì sáyà, àbí?"

Adéníran wò ó. Ó jókòó jẹ́ẹ́.

"Ó rẹ̀ mí," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Máìkì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo Onípànù gbọ́.