Táǹkì Tó Ń Jábọ̀ fún Baba Nẹ́tíwọ̀kì

Bẹ́ ẹ bá wọ ọ́fíìsì ọ̀gá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nílé-iṣẹ́ omi, fọ́tò mẹ́ta lẹ máa kọ́kọ́ rí: òun nìyí lórí ìjókòó, òun nìyí lórí ìdúró, òun nìyí níbi tó ti ń nàka sí nǹkan tí kò sí nínú fọ́tò. Baba Nẹ́tíwọ̀kì ni wọ́n ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, nígbà tó rí i pé ẹlòmíì ò tètè sọ ọ́. Akọni tí í pàṣẹ fún wáyà, tí wáyà ò mọ̀ rí! Ọ̀mọ̀ràn tí í mú fóònù mẹ́ta lọ́wọ́, tí kì í gbé ìpè ẹnikẹ́ni!

Ohun tó ń mú un yan fanda lásìkò yìí ni táǹkì ńlá tó wà lórí òpó irin nínú àgbàlá. Pọ́ǹpù tó ń fa omi sí i wà nílé kékeré kan ní òdìkejì ìlú. Tẹ́lẹ̀, bí táǹkì bá kún, èèyàn ní í sáré lọ pa pọ́ǹpù. Ní báyìí, wọ́n ti fi módẹ́ẹ̀mù sára àwọn méjèèjì, káàdì síìmù sì wà nínú wọn bíi ti fóònù. Bí táǹkì bá ti kún, á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà pọ́ǹpù, pọ́ǹpù á sì pa ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní í dá sí ọ̀rọ̀ àárín wọn.

Ìyá Wáyà, onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ló ṣe gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ méje gbáko ni obìnrin yìí fi ki orí bọ inú àpótí irin tí módẹ́ẹ̀mù wà. Ó tẹ orúkọ ọ̀nà tí káàdì máa gbà dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì sínú módẹ́ẹ̀mù, ó dán an wò, ó tún kọ ọ́ sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí, kí ẹni tó bá máa tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú má bàa wá a tì. Baba Nẹ́tíwọ̀kì náà ṣiṣẹ́ o. Ó ya fọ́tò.

Ọjọ́ ìṣíde wá ku ọ̀la. Alága ìgbìmọ̀ ń bọ̀, lẹ́tà tó máa sọ Baba Nẹ́tíwọ̀kì di ọ̀gá àgbà pátápátá sì ti wà nínú báàgì alága. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ní kó ṣe: kí ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ níṣojú gbogbo èèyàn.

"Ìyá Wáyà," ó ní, "dátà inú káàdì pọ́ǹpù yẹn, ìgbà wo ló ń tán?"

"Kì í tán, sà. Àmọ́ ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n fún."

"Kí ni pọ́ǹpù fẹ́ fi dátà tí kì í tán ṣe? Ṣé pọ́ǹpù ń wo fíìmù ni?"

"Rárá, sà. Ọ̀rọ̀ ló fi ń gbọ́."

"Hùn. Pèpéle ọ̀la ńkọ́? Abẹ́ táǹkì gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kí táǹkì lè hàn lẹ́yìn mi nínú fọ́tò."

"Ọ̀gá, abẹ́ páìpù tí omi ń gbà dà sílẹ̀ bó bá kún jù nìyẹn."

"Omi wo ló máa dà níbi tí èmi wà?"

Ìyá Wáyà wojú rẹ̀, ó sì lọ gbé pèpéle.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Baba Nẹ́tíwọ̀kì wakọ̀ lọ sílé pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù ti ń fa omi ní tirẹ̀. Ó yọ káàdì rẹ̀, ó fi sínú fóònù ara rẹ̀, ó da orúkọ ọ̀nà tó wà lórí bébà kọ, íńtánẹ́ẹ̀tì sì ń ṣàn wìtìwìtì. Inú rẹ̀ dùn dẹ́yìn. Láìfù, ìyẹn fídíò ojú-ẹsẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló fẹ́ ṣe, kí gbogbo ayé rí òun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lọ́fẹ̀ẹ́. Kí pọ́ǹpù má bàa sọ pé ọ̀gá ṣahun, ó fi káàdì kan tó ti kú láti èṣí rọ́pò rẹ̀. Káàdì ṣáà ni káàdì. Pọ́ǹpù ń fa omi lọ, kò mọ̀ pé wọ́n ti yọ òun létí.

Ní aago mẹ́wàá, àgbàlá kún. Fóònù Baba Nẹ́tíwọ̀kì wà lórí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta níwájú pèpéle, wọ́n sì ti so ó mọ́ sìkírìnì ńlá, kí ojú ọ̀gá lè tóbi tó bí ọ̀gá ṣe rò ó.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi ò da omi lásán, odò ni mo dà síwájú! Ẹ̀rọ kan ò gbọdọ̀ mí níbí, àfi tí mo bá ní kó mí!"

Tín! Ọ̀rọ̀ já lu ojú sìkírìnì: TÁǸKÌ: MO TI KÚN. PA PỌ́ǸPÙ.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i?" ni Baba Nẹ́tíwọ̀kì wí. "Táǹkì ń jábọ̀ fún mi!"

Alága, ìyá àgbà kan tí kì í ka ìwé ní àkàfò, sún síwájú. "Ẹnjiníà, ìwé tẹ́ ẹ kọ sí wa ní pọ́ǹpù ni táǹkì máa sọ fún."

"Màmá, ọ̀kan náà ni èmi àti pọ́ǹpù!"

Tín! TÁǸKÌ: MO TI KÚN. PA PỌ́ǸPÙ.

Omi kán tó sórí fìlà rẹ̀. Ó rántí káàdì, ó rántí lẹ́tà, ó sì nàka sí Ìyá Wáyà. "Obìnrin yìí ló bà á jẹ́! Nọ́ńbà tí kì í ṣe ti pọ́ǹpù ló tẹ̀ sínú táǹkì!"

Ìyá Wáyà ò bá a jiyàn. "Ẹ jẹ́ ká pe nọ́ńbà pọ́ǹpù, sà, ká gbọ́ ibi tó ti máa dún."

Ó pè é. Fóònù orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ohùn Baba Nẹ́tíwọ̀kì fúnra rẹ̀ sì jáde níbẹ̀: "Ẹ dákẹ́! Wọ́n ń pe ọ̀gá! Ẹ dákẹ́! Wọ́n ń pe ọ̀gá!"

Gbogbo èèyàn dákẹ́ lóòótọ́. Ni ẹnì kan bá pariwo láti ẹ̀yìn: "Pọ́ǹpù, ẹ gbé e o!"

Ẹ̀rín ò tíì lọ sílẹ̀ tí páìpù fi já. Wọ́n máa ń sọ pé àgbá òfìfo ló ń pariwo, àmọ́ ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ò dé àgbàlá yẹn. Omi dà wàà lé ọ̀gá lórí. Fìlà lọ, ìwé ọ̀rọ̀ lọ, agbádá lẹ̀ mọ́ ikùn.

"Ẹ pa á! Ẹ bá mi pa á!"

"Ẹ̀yin náà ni táǹkì ti ń sọ fún, sà," ni Ìyá Wáyà wí. Ó nawọ́. "Ẹ fún mi ní káàdì pọ́ǹpù."

Alága fa lẹ́tà yọ nínú báàgì, ó fà á ya sí méjì, ó sì rọra béèrè lọ́wọ́ Ìyá Wáyà bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ojú ti Baba Nẹ́tíwọ̀kì débi pé kò mọ ibi tó máa gbé e sí, nítorí ojú náà ṣì wà lórí sìkírìnì, gbàǹgbà, omi ń kán nímú rẹ̀.

Láìfù ò kúkú tíì parí. Ìyàwó rẹ̀, tó ti ń wò ó láti ilé, kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, ó hàn lójú sìkírìnì, gbogbo àgbàlá sì bá a kà á sókè: "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni táǹkì sọ fún yín. Àbí bẹ́ ẹ kì í ṣe é gbọ́ràn nílé náà lẹ ò gbọ́ràn lóde?"