Kídínápà ní Ibodè

Oòrùn ti mú gan-an nígbà tí Don Teyo Tzib já wọ àgọ́ ọlọ́pàá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibodè, níbi tí ilẹ̀ Belize ti bá Guatemala pààlà. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, akẹtẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́yìn. Ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló bá níbẹ̀, Gladden, ọmọ etíkun tó gbà pé òun nìkan ni Gẹ̀ẹ́sì yé ní gbogbo àdúgbò náà. Ó ń fi búrẹ́dì jẹ ẹ̀wà.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ gbà mí o! Wọ́n ti jí Paloma gbé, ọmọ ewúrẹ́ ọmọ-ọmọ mi! Aládùúgbò mi rí wọn tí wọ́n gbé e wọ bọ́ọ̀sì, ó ń lọ sí ibodè báyìí. Tó bá fi lè sọdá, ó di inú ìkòkò ọbẹ̀!"

"Ẹ rọra, Bàbá. Ta ló jí i?"

"Olè ni!"

Gladden rẹ́rìn-ín ẹni tó mọ̀wé. "Olè, olè! Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Gẹ̀ẹ́sì lòfin ń sọ níbí. Ẹ gbọ́dọ̀ pe ọ̀daràn lórúkọ ẹ̀ gan-an, kí n tó mọ bí mo ṣe máa dìde. Ṣé rọ́bà ni?"

"Rárá o, ewúrẹ́ ni. Kí ni wọ́n fẹ́ fi rọ́bà ṣe?"

"Ẹni tó ń halẹ̀ mọ́ èèyàn kó tó gba nǹkan ọwọ́ ẹ̀ ni rọ́bà. Ṣé ó halẹ̀ mọ́ yín?"

"Báwo ló ṣe máa halẹ̀ mọ́ mi? Oorun ni mò ń sùn."

"Á jẹ́ pé bọ́gúlà ni."

"Bọ́ kẹ̀? Kò bọ́ ọ rí! Èmi àti ọmọ-ọmọ mi là ń bọ́ ọ, fídà wàrà la fi ń bọ́ ọ!"

"Bọ́gúlà, Bàbá! Ẹni tó ń fọ́lé. Ṣé ó fọ́lé?"

"Abẹ́ igi máńgòrò la so ó mọ́. Ta ló ń fọ́ igi máńgòrò?"

"Ó dáa. Tíìfù ni."

Don Teyo ká ọwọ́ lérí. "Ti ìfun? Yéè! Wọ́n ti yọ ìfun ẹ̀?"

"Tíìfù! Tíìfù! Olè ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀!"

"Ṣebí ohun tí mo ti ń sọ látàárọ̀ nìyẹn!"

Gladden nu ẹnu. "Tó bá jẹ́ tíìfù, ẹ máa lọ sílé. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹnì kan á wá wo igi máńgòrò yẹn."

Ọ̀rọ̀ náà dun Don Teyo wọra. Ó rántí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó fi sílẹ̀ nílé, tó di fídà òfìfo mú tó ń sunkún. Tí òun bá padà lọ́wọ́ òfo, kí ni òun fẹ́ wí fún un?

"Èwo wá ni ẹ máa ń torí ẹ̀ ti ibodè pa?"

"Kídínápà nìkan. Ìyẹn, gbogbo ọkọ̀ ọlọ́pàá ló máa tú jáde."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Àfi bí ẹni pé wọ́n fi Gladden joyè. Ó gbé búrẹ́dì sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká là á sí méjì. Kídì, ọmọ nìyẹn. Náàpù, oorun ọ̀sán nìyẹn."

"Ọmọ ewúrẹ́ ńkọ́?"

"Kídì náà ni."

"Háà! Òyìnbó ò mọ ọmọ ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ewúrẹ́ ni?"

"Bí èdè ṣe rí nìyẹn, Bàbá."

"Kídì ni wọ́n gbé. Náàpù ni mò ń sùn. Ọ̀gá, kídínápà ni!"

"Rárá o! Kídínápà, èèyàn ló ń..."

Kó tó parí ọ̀rọ̀, Don Teyo ti gbá rédíò ìbánisọ̀rọ̀ ọlọ́pàá tó wà lórí tábìlì mú, ó ti tẹ̀ ẹ́. "Kídínápà! Kídínápà! Ó wà nínú bọ́ọ̀sì, ó ń sá lọ sí ibodè!"

"Ẹ gbé e sílẹ̀! Mo gbé!"

Rédíò fèsì, jìnnìjìnnì ti bo ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀. "Ọmọ ọdún mélòó?"

"Ọdún wo? Oṣù méjì ni!"

"Olúwa o! Kí ló wọ̀?"

"Kò wọ nǹkan kan. Okùn ló wà lọ́rùn ẹ̀."

"Okùn! Ìyá ẹ̀ dà?"

"A ti pa á jẹ lọ́jọ́ ọdún. Fádà náà jẹ níbẹ̀."

Ẹnu Gladden là sílẹ̀, ẹ̀wà sì wà nínú rẹ̀. Kò pẹ́ ni fèrè ọkọ̀ ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í ké lọ́ọ̀ọ́kán, ọkọ̀ lé ọkọ̀.

Nígbà tó ṣe, rédíò tún sọ̀rọ̀. "A ti ti ibodè. A ti dá bọ́ọ̀sì dúró. Ọkùnrin kan bẹ́ gba fèrèsé, a sì ti mú un. Àmọ́ a ò rí ọmọ kankan o. Ọmọ ewúrẹ́ kan ṣáá ló ń ké nínú àpò ẹ̀."

"Paloma!" Don Teyo fò sókè, ó di mọ́ Gladden, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e jó.

"Ọ̀gá pátápátá ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín fúnra ẹ̀," ni rédíò wí. "Ó fẹ́ mọ ẹni tó sọ pé kídínápà ni."

Gladden ṣí fìlà. Òógùn bò ó. "Bàbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Tí ọ̀gá bá dé, ẹ ṣe bí ẹni tí ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan o."

Don Teyo tún akẹtẹ̀ rẹ̀ dé dáadáa.

"Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Ta ni ì bá kọ́ mi?"