Ìdọ̀bálẹ̀ Ọlábánjọ Níwájú Ìbọn

Bí ẹ bá pàdé Ọlábánjọ Ládélé ní àdúgbò Cornerstone ní Calgary, ẹ kí i, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ. Bí ẹ bá ṣèèṣì sọ fún un pé snow ń bọ̀, á ní kí ni snow fẹ́ fi ọkùnrin tó fi ìbọn lé adigunjalè ní Ìkòròdú ṣe. Bí ẹ bá ní ọmọ yín ti bẹ̀rẹ̀ daycare, á ní ẹ kú oríire, pé ẹ̀kọ́ dára, òun pàápàá lo ọgbọ́n lọ́jọ́ tí òun fi ìbọn lé adigunjalè ní Ìkòròdú. Kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í gba Ìkòròdú kọjá lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tó kọ́kọ́ dé Calgary, adigunjalè mẹ́ta ni wọ́n. Nígbà tó gba PR, ìwé ìgbélùú, wọ́n di méje. Lẹ́yìn tó ra ilé tán, wọ́n ti tó ẹgbẹ́ akọrin.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní iléeṣẹ́ kan ní downtown, ohun tó sì léwu jù tó ń dì mú níbẹ̀ ni ife kọfí gbígbóná. Ṣùgbọ́n bó bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi, á máa yan bí ẹni tó ń ka àwọn sójà rẹ̀. Ẹkùn Cornerstone lorúkọ rẹ̀. A-gbọ́-ìbọn-rẹ́rìn-ín ni ìnagijẹ rẹ̀. Òun ló fún ara rẹ̀ ní méjèèjì, òun náà ló sì ń fi wọ́n ki ara rẹ̀ nínú bálùwẹ̀.

Bùsọ́lá ìyàwó rẹ̀ mọ bí nǹkan ṣe rí. Lọ́dọọdún, ní Canada Day, bí wọ́n bá ti yin fireworks àkọ́kọ́ sójú ọ̀run, Ẹkùn Cornerstone á rántí pé furnace, ẹ̀rọ tó ń mú ilé àwọn móoru, ń pariwo. Nínú oṣù keje, nínú ooru, á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí basement láti lọ wo furnace, kò sì ní gòkè wá títí ojú ọ̀run á fi dákẹ́. Tiwalọlá, ọmọ wọn obìnrin, rò pé ọjọ́ tí gbogbo bàbá ń tún furnace ṣe nìyẹn.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lọ́dún yìí, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní northeast Calgary pinnu láti fi ẹnì kan jẹ Balógun. Oyè náà ní fìlà. Ó ní ìlẹ̀kẹ̀. Èyí tó wá wọ Ọlábánjọ lára jù ni pé ó ní àga, ọ̀wọ́ iwájú pátápátá, àga tó ní ìrọ̀rí. Ó wá oyè yìí débi pé oúnjẹ ò fẹ́ẹ̀ lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ó ti ń wọ agbádá wo ara rẹ̀ nínú dígí, tí ó ń jókòó, tí ó ń dìde, kó lè mọ bí Balógun ṣe ń jókòó.

Àmọ́ alága ẹgbẹ́ náà, Ẹ̀gbọ́n Olúmáyọ̀wá, ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ẹnu lásán tàn. Ní ìpàdé tí wọ́n ṣe ní basement rẹ̀ ní Skyview Ranch, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Ọlábánjọ, a ti gbọ́ ti Ìkòròdú. A ti gbọ́ ọ títí etí wa fi kún. Ṣé o ṣì lè yìnbọn?"

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀ ń bi ẹja bóyá ó ṣì lè wẹ̀?"

"Ẹja tó wà nínú freezer mi lókè yẹn ò wẹ̀ mọ́ o."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọlábánjọ rí i pé àga onírọ̀rí náà ń sún kúrò lọ́dọ̀ òun, ẹnu rẹ̀ sì là láìdúró de orí.

"Ẹ gbọ́, sà. Sátidé tó ń bọ̀ yìí, mo ní pistol class ní Foothills Industrial. Mo kàn fẹ́ lọ pọ́n fundamentals mi ni, ẹ ṣáà mọ̀ pé àdá tó mú náà ń fẹ́ pípọ́n. Màá gbé e sí WhatsApp video, live! Kí gbogbo yín máa wò ó nínú TV níbí. Bí ẹ bá rí i tí mo mira, tí mo ṣẹ́jú pẹ́nrẹ́n, ẹ gbé oyè fún ẹlòmíì!"

"Ó parí," ni alága wí. "Sátidé. A máa se ìrẹsì dè ọ́."

Ọlábánjọ ò tíì forúkọ sílẹ̀ ní class kankan láyé. Inú mọ́tò ló ti ń wá a lórí fóònù nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Bùsọ́lá ló ń wakọ̀, ó sì yọjú wo fóònù náà níbi tí iná ti dá wọn dúró.

"Dádì Tiwa, ẹ̀yin tí ẹ lé adigunjalè. 'Beginner' ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn o."

"Ìrẹ̀lẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gá gidi máa ń padà síbi ìpìlẹ̀."

"Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ibi tí ọta ń gbà jáde?"

"Má bú mi, Mọ́mì Tiwa. Wò ó, wọ́n ní tọkọtaya lè wá pọ̀. Ìwọ náà ń bọ̀. Ìwọ lo máa kì mí."

"Kí n kì yín? Níbi ìbọn?"

"Balógun wo ló ń lọ sójú ogun láìsí ẹni tó ń kì í?"

Ó ti pẹ́ tí Bùsọ́lá ti mọ̀ pé bí ọkọ òun bá ń sáré lọ síbi tí ògiri wà, ohun tó dáa jù ni kéèyàn dúró síbi tó ti lè rí ògiri náà dáadáa.

Nígbà tó di Sátidé, wọ́n dé Foothills Industrial. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Gord ni olùkọ́ wọn, baba onírùngbọ̀n funfun, irú èèyàn tó jẹ́ pé bí ilẹ̀kùn bá gbá a, á sọ "sorry" fún ilẹ̀kùn. Ó bi kálukú pé kí ló gbé wọn wá. Nọ́ọ̀sì kan ní òun kàn fẹ́ mọ bó ṣe rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin Punjabi kan ní bàbá ìyàwó òun ló ní kí òun wá. Ọlábánjọ na àyà.

"To sharpen my fundamentals," ló wí, ó sì wẹ̀yìn wo fóònù tó gbé kalẹ̀, kó lè mọ̀ bóyá Skyview Ranch gbọ́ ọ.

Ìbọn rọ́bà ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ wọn nínú kíláàsì: bí wọ́n ṣe ń dúró, bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ méjèèjì dì í mú, bí wọ́n ṣe ń mí, bí wọ́n ṣe ń rọra fa ohun ìyìnbọn láìjá a gbà. Ká má parọ́, níbi ìbọn rọ́bà, akọni ni Ọlábánjọ. Gord tiẹ̀ ní ìdúró rẹ̀ dára gan-an. Ọkùnrin náà mirí sí gbogbo ẹ̀kọ́ bí ẹni pé òun ló kọ ìwé rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ sínú gbọ̀ngàn tí ìbọn gidi wà. Gord ṣàlàyé pé méjìméjì ni wọn yóò máa dúró: ẹnì kan á yìnbọn, èkejì á dúró lẹ́yìn rẹ̀, á máa ṣọ́ ọ, á sì máa fún un níṣìírí. Ọlábánjọ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ohun tí ó ní Bùsọ́lá máa wá ṣe gan-an nìyẹn. Gord gbà kí wọ́n gbé fóònù náà sórí tábìlì ẹ̀yìn. Ní Skyview Ranch, basement ti kún, ìrẹsì ti wà nínú abọ́, Tiwalọlá jókòó sílẹ̀ níwájú TV.

Gbogbo wọn de earmuff mọ́ etí. Ayé bá dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ọlábánjọ bojú wẹ̀yìn. Ẹnu Bùsọ́lá ń ṣí, ó ń pa dé, oríkì tí ọkọ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló ń kì, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó wọ etí onítọ̀hún. Inú bí i. Kí ni àǹfààní oríkì tí ẹni tí wọ́n ń kì ò gbọ́? Gord ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí etí rẹ̀. Àmọ́ ṣé Gord mọ oríkì ni? Ọlábánjọ rọra gbé earmuff apá kan sókè díẹ̀, ìwọ̀nba tí orúkọ rẹ̀ á fi lè gbà á wọlé.

"Ẹkùn Cornerstone! Ọmọ Ládélé! A-gbọ́-ìbọn-rẹ́rìn-ín! A-wo-ẹfọ̀n-lójú-kẹ́fọ̀n-ó-tọrọ-gáfárà!"

Orí rẹ̀ wú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ìgbà náà gan-an ni ọmọ Punjabi tó wà lápá òsì yìnbọn tirẹ̀.

GBÀÀÀ!

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé Èkó rí, ẹ mọ ohun tí ara wa ń ṣe bí ìbọn bá dún. Ara kì í dúró gba ìmọ̀ràn. Kí a tó béèrè pé kí ló dún, àyà ti kan ilẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ti bo orí, ẹnu ti ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Ẹkùn Cornerstone ṣe. Ìbọn tirẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì, kò tíì fọwọ́ kàn án.

"Cease fire!" ni Gord ké. Gbogbo ìbọn dákẹ́, kálukú ṣí etí. Gord sáré wá. "Sir! Are you okay?"

Láti orí ilẹ̀, Ọlábánjọ rí ojú fóònù tó ń wò ó. Ó rántí fìlà. Ó rántí ìlẹ̀kẹ̀. Ó rántí ìrọ̀rí orí àga náà, omijé sì fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú rẹ̀. Irọ́ tó sún mọ́ ọn jù ló fà yọ.

"It is our culture," ló wí, pẹ̀lú àyà nílẹ̀. Ó ní kí jagunjagun àwọn tó fọwọ́ kan ìbọn, ó gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn baba ńlá rẹ̀.

Gord fọwọ́ lé àyà. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó má bínú, òun ò mọ̀. Ó yíjú sí kíláàsì, ó ní kí gbogbo wọn bọ̀wọ̀ fún àṣà ọkùnrin yìí, wọ́n sì tẹrí ba.

Ohùn alága jáde látinú fóònù. "Ọlábánjọ! Irú ìdọ̀bálẹ̀ wo lèèyàn ń fọwọ́ bo orí ṣe?"

"Ti ìdílé wa ni, Ẹ̀gbọ́n!"

"Ìdílé wo? Ṣebí mo mọ bàbá rẹ, télọ̀ ni wọ́n! Ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀ fún?"

Ọlábánjọ dìde, ó gbọn aṣọ. Lọ́tẹ̀ yìí ó de etí méjèèjì dáadáa, ó ní oríkì lè dúró ná. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìró ìbọn inú gbọ̀ngàn kì í gba etí nìkan wọlé, ó ń gba àyà, ó ń gba ikùn. Nọ́ọ̀sì yẹn yìnbọn tirẹ̀. GBÀÀÀ! Ọlábánjọ tún ti wà nílẹ̀.

"Cease fire!" Gord bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rọra bi í pé baba ńlá mélòó ni wọ́n fẹ́ kí lónìí.

"They are plenty," ni Ọlábánjọ wí fún ilẹ̀.

Ó dìde, wọ́n yìnbọn, ó ṣubú. Ó dìde, wọ́n yìnbọn, ó ṣubú. Gbogbo kíláàsì ń dúró dè é pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Nọ́ọ̀sì náà, kó má bàa dà bí ẹni tó ń tàbùkù àṣà ẹlòmíì, bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti dákẹ́ báyìí ni ohùn Tiwalọlá ti jáde látinú fóònù, ketekete.

"Mommy, is it fireworks again? Where's the furnace?"

"Furnace wo, ọmọ mi?" ni alága bi í.

"Every Canada Day, Daddy goes to the basement to fix the furnace. Until the boom-boom is finished."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Skyview Ranch bú gbàmù. Ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé fóònù ń gbọ̀n lórí tábìlì. Ẹnì kan ń kígbe pé, "Ìkòròdú o! Ẹ gbà mí o, furnace!" Ìrẹsì ẹnì kan gba imú jáde.

Gord wo fóònù náà, ó bi Bùsọ́lá bóyá àdúrà ni wọ́n ń gbà.

"Yes," ni Bùsọ́lá wí. "They are very touched."

"Mọ́mì Tiwa!" Alága ṣì ń nu ojú. "Ìbọn yẹn ti tutù sórí tábìlì. Ṣé ìwọ náà ò forúkọ sílẹ̀ ni?"

"Mo forúkọ sílẹ̀, sà."

"Ó yá, bọ́ síbẹ̀!"

Bùsọ́lá dúró bí Gord ṣe kọ́ wọn. Ó sọ fún Gord pé ẹ̀rù ń ba òun. Gord ní ó dára bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù ń ba gbogbo èèyàn. Bùsọ́lá mí sínú, ó mí síta, ó rọra fà á. GBÀÀÀ! Èjìká àwòrán èèyàn tó wà lórí bébà tí wọ́n ń yìnbọn sí ni ọta bà, kò sún mọ́ àárín rárá. Ṣùgbọ́n Bùsọ́lá ṣì wà lóròó. Ìdúró nìkan ni wọ́n ń wá ní Skyview Ranch.

"Balógun wa rèé o!" ni alága ké. "Ẹ bá mi kì í!"

Oríkì tí Ẹkùn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tí ìyàwó rẹ̀ ti kì títí tó fi mọ́ gbogbo wọn lórí, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. "Ẹkùn Cornerstone! A-gbọ́-ìbọn-rẹ́rìn-ín!" Àwọn obìnrin ń lọgun, àwọn ọkùnrin ń pàtẹ́wọ́.

Ọlábánjọ wà nílẹ̀ nísàlẹ̀ tábìlì, ìbọn ìyàwó rẹ̀ ló dà á síbẹ̀, earmuff rẹ̀ sì ti yẹ̀ kúrò létí sókè orí. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó sọnù. Ojú tì í débi pé ó wù ú kí ilẹ̀ náà lanu. Ó wá fọwọ́ méjèèjì fa earmuff náà wálẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí pinpin. Ó dìde, ó sorí kọ́, ó rìn kọjá lára Gord, ó ṣílẹ̀kùn, ó jáde.

"Sir!" ni Gord ké tẹ̀lé e. "Sir, our earmuffs!"

Kò gbọ́. Nígbà tí Gord fi máa dé ojú fèrèsé, Ọlábánjọ ti jókòó sínú mọ́tò, ó ti de bẹ́líìtì, ó ń wo iwájú gan-an, earmuff wọn ṣì wà lórí rẹ̀ bí adé.

Gord yíjú sí Bùsọ́lá, ó rẹ ohùn sílẹ̀, kó má bàa ṣẹ̀ wọ́n. Ó bi í bóyá èyí náà wà nínú àṣà wọn.

Bùsọ́lá gbé ìbọn kalẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó wo ọkọ rẹ̀ láti ojú fèrèsé títí.

"Yes, Gord," ló wí. "That one is the last part."