Aáyù Ojúọlápé

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ohun tí a bá fẹ́ kó pẹ́ nílé, ìta ni ká fi í sí? Ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ọdọọdún ni mò ń sọ ọ́, ọdọọdún lẹ ń gbàgbé. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí ó ti rẹ̀ mí.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ojúọlápé. Bí ọyẹ́ bá ti dé báyìí, ikọ́ kì í jẹ́ kó sùn, aáyù nìkan ló sì ń bá a wò ó. Ló bá gbin aáyù sí ẹ̀yìnkùlé, nígbà tó sì wú u, ó kún agbọ̀n kan. Bó bá ti lè pa á mọ́ di ìgbà ọyẹ́, ó bọ́ nìyẹn.

Àmọ́ agbo ilé ọkọ ló ń gbé. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí Àwẹ̀ró, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, fi dé. Ó ní àwẹ́ kan péré lòun fẹ́, inú ń run ọmọ òun. Lọ́jọ́ kẹta, ọbẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kẹrin, àgbo ni. Ìyàwó ilé wo ló máa sọ pé òun kò fún ẹ̀gbọ́n ọkọ? Àwọn yòókù rí i, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Kó tó di oṣù kan, agbọ̀n ti dé ìdajì.

Ojúọlápé kó èyí tó kù sínú ìkòkò, ó fi amọ̀ lẹ ìdérí rẹ̀ pa. Nígbà tó ṣí i, ó ti bu, ó ń yọ̀. Ó ṣa èyí tó dára, ó kó o sábẹ́ aṣọ nínú àpótí. Ó wọ ọ̀kan nínú aṣọ náà lọ kí Àwẹ̀ró, ìyẹn sì fa imú.

"Ìyàwó wa, aáyù ṣì kù lọ́wọ́ ẹ."

Ọ̀rọ̀ náà sú u. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó sunkún díẹ̀. Ó wá di ewé aáyù tó kù pọ̀ bí ẹni dirun, ó fi àkísà pupa so ó kọ́ etí òrùlé níta gbangba. Kí atẹ́gùn má baà máa gbé e kiri, ó so ìkarahun ìgbín àti ṣùkù àgbàdo mọ́ ìdí rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá wù kó wá máa mú un.

Àwẹ̀ró dé láàárọ̀, ó rí àkísà pupa, ó rí ìkarahun, ó rí ṣùkù. Ohun tí bàbá wọn máa ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ iṣu lóko nìyẹn, kí olè má baà fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yìn ẹ̀yìn ló fi rìn padà. Kí oòrùn tó kan àtàrí, gbogbo agbo ilé ti gbọ́ pé Ojúọlápé ti pa ààlè.

Ẹnikẹ́ni kò gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá mọ́. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí aáyù, ó gbẹ kanrankanran. Ọyẹ́ dé, àwẹ́ kan kò dín. Ojúọlápé jẹ ẹ́, ó sùn.

Àwẹ̀ró ni ikọ́ mú lọ́dún yẹn. Àánú rẹ̀ ṣe Ojúọlápé, ó mú odidi kan lọ bá a.

"Ọkọ mi, ẹ gbà, ẹ jẹ ẹ́."

"Ìyàwó wa, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Ojúọlápé ní aáyù lásán ni. Ó bó àwẹ́ kan, ó rún un, ó gbé e mì. Àwẹ̀ró ń wò ó bóyá yóò ṣubú. Nígbà tí kò ṣubú, ó mi orí.

"Ẹni tó pa ààlè, ààlè kì í mú un."

Ojúọlápé kò lágbára àríyànjiyàn mọ́. Ó mú aáyù rẹ̀ padà sílé, ó sì so ó kọ́ síta.

Wọ́n ní Àwẹ̀ró gan-an ló kọ́kọ́ pa òwe náà fún àwọn ọmọ rẹ̀, láàárín ikọ́ kan sí èkejì: ohun tí a bá fẹ́ kó pẹ́ nílé, ìta ni ká fi í sí.