Ẹtu Tó Ní Tíṣà Lòun

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ ayé mi, ọjọ́ tí mo ru ẹtu gba inú igbó Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí kò ní tán lọ́kàn mi. Láyé ìgbà tí bọ̀lẹ̀kájà ṣì ń ná ọ̀nà Ṣakí ni. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni mí, mo sì lóyún àkọ́bí mi.

Ilé-ìwé wa fẹ́ ṣe ìpàtẹ fún àwọn òbí. Èmi tí ẹnu mi kì í gbélé, mo ní màá mú ẹtu tó ti kú, tó sì tún dúró bí alààyè wá. Wọ́n ti kọ́ wa níṣẹ́ náà díẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì: ẹ bó awọ ẹran, ẹ fi iyọ̀ pa á lára, ẹ sá a gbẹ, kí ẹ wá fi wáyà àti òwú kún inú rẹ̀. Díẹ̀ náà ni mo mọ̀. Ọrùn ẹtu mi nà gbọọrọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dọ́gba, bọ́tìnnì kóòtù ọkọ mi ni mo sì fi ṣe ojú rẹ̀. Ọkọ mi wò ó títí, ó ní, "Ṣé ẹ̀rù ló ń ba eléyìí ni, àbí inú ló ń bí i?"

Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàtẹ, dẹ́rẹ́bà bọ̀lẹ̀kájà kọ̀ láti gbé èmi àti ẹtu mi. Ó ní, "Àǹtí, mi ò lè gbé e. Ó ń wò mí." Ni mo bá ká òṣùká, mo gbé ẹtu lérí, mo gba ọ̀nà àbùjá. Koríko ò tíì jóná, ó bò mí mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: èmi wà nísàlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò rí mi, ẹtu wà lókè, gbogbo ayé ń rí i. Èmi tí mo pe ara mi lónísáyẹ́ǹsì, mi ò ronú kàn án.

Lójijì, mo gbọ́ tí ẹnìkan fa ìbọn, kọ́ọ́! Ohùn àgbàlagbà kan sọ pé, "Ìwọ ẹtu yìí, ṣé ẹran ni ọ́ àbí ènìyàn? Fọhùn kí n tó yìnbọn!"

Mo pariwo, "Ènìyàn ni mí, Bàbá! Tíṣà ni mí!"

Mo gbọ́ tó sún sẹ́yìn nínú koríko, ó ní, "Ẹtu ń ṣe tíṣà? Kí lò ń kọ́ wọn?"

"Sáyẹ́ǹsì, sà!"

Mo jókòó sílẹ̀ gbì, ẹtu náà ṣubú. Ọdẹ náà ya koríko dé ọ̀dọ̀ mi, ó wo ẹtu, ó wo ikùn mi, òun náà sì jókòó. Ó ní, "Ó kù díẹ̀ kí n pa èèyàn méjì." Ó ní òun ò rí ẹtu tó ń rìn lórí koríko rí, bàbá òun sì ti kìlọ̀ fún òun pé ẹran tí ìrìn rẹ̀ bá rú ọdẹ lójú, kí ọdẹ kọ́kọ́ bi í léèrè. A jọ sunkún ni. Ó wá gbé ẹtu sábíyá, ó ń kígbe títí a fi dé ilé-ìwé pé, "Èyí kì í ṣe ẹran o! Ti tíṣà ni o!"

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọdẹ tó béèrè, àti bàbá tó kọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ru ẹrù tójú ò rí rí, ariwo mi ló ń ṣáájú mi.

Nígbà tí a ń sọ ọmọ náà lórúkọ, ọdẹ náà gbé itan ẹtu gbígbẹ wá fún mi. Ọwọ́ mi ò yá láti gbà á. Ó tẹjú mọ́ mi, ó ní, "Ẹ jẹ ẹ́, Ìyá Ìkókó. Mo bi í léèrè dáadáa. Kò fọhùn."

Mo jẹ ẹ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo tún sunkún díẹ̀.